Ràdíò, sikánẹ̀ tàbí IRM: èwo ni ká kọ́kọ́ sanwó rẹ̀ tí kókó bá wà nínú egungun?

Ẹni tó bá gbéra láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́ kì í sábà béèrè orúkọ kókó tí wọ́n rí lára òun. Ọ̀rọ̀ owó ló ń kọ́kọ́ jáde: "Ọmọ mi, wọ́n kọ ràdíò, wọ́n kọ sikánẹ̀, wọ́n tún kọ IRM. Owó ọwọ́ mi ò ká gbogbo ẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?" Yíya àwòrán ni iṣẹ́ mi, dókítà ló ń pinnu. Ràdíò ni àwòrán egungun tí à ń fi ìtànṣán yà; sikánẹ̀ náà ń lo ìtànṣán, ṣùgbọ́n ó ń ya ara ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ; IRM ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ya tirẹ̀. Àmọ́ mo lè sọ ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀, pàápàá lórí kókó egungun rírọ̀, níbi tí kókó lásán àti jẹjẹrẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra bí ìbejì. Ẹ̀rọ tó wọ́n jù kọ́ ló gbọ́n jù. Ìbéèrè tó bá kù nílẹ̀ ló yẹ kó yan ẹ̀rọ.

Àwọn tí à ń fi wéra

Egungun rírọ̀ ni èyí tó wà ní etí àti imú wa, tó tún bo orí egungun líle níbi oríkèé. Kókó tó ń ti ara rẹ̀ hù pọ̀ lóríṣi, ṣùgbọ́n ìfiwéra méjì ló sábà ń dé iwájú wa. Àkọ́kọ́ ni ẹnkọndrómà, kókó lásán tó jókòó sínú mùdùnmúdùn egungun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọndrosakómà tí í ṣe jẹjẹrẹ egungun rírọ̀. Èkejì ni ọstiokọndrómà, ìyẹn egungun tó yọ síta lára egungun tó sì dé fìlà egungun rírọ̀ sórí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọndrosakómà tó hù lára irú ìyọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú un le ni pé kọndrosakómà ìpele kìíní, ìyẹn èyí tí kò le jù nínú wọn, jọ ẹnkọndrómà débi pé àwọn dókítà tó ń fi maikirosikópù wo ẹran ara pàápàá máa ń takora lórí ègé kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bó ṣe lẹ́nu nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ mìíràn lọ. Ibi tí kókó wà tún lẹ́nu. Nínú ètò orúkọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, bí ìpele kìíní bá wà nínú egungun gígùn apá tàbí ẹsẹ̀, wọn kì í pè é ní jẹjẹrẹ mọ́. Kókó egungun rírọ̀ tí ìṣe rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí irú kan náà bá wà ní ìbàdí, ní pátákó èjìká tàbí ní ìsàlẹ̀ agbárí, kọndrosakómà ló ń jẹ́ síbẹ̀.

Ìka ọwọ́ kì í ṣe ìbàdí

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ ńlá, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà pé egungun wo ni kókó yìí wà. Nínú gbogbo kókó tó ń hù nínú egungun ọwọ́, ẹnkọndrómà ló wọ́pọ̀ jù. Ó lè jẹ egungun ìka láti inú, kó wú u, kó sọ èèpo rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí ìka yóò fi kán lórí ohun tí kò tó nǹkan, bíi gbígbé korobá omi. Ẹ̀rù á ba ẹni tó bá rí fọ́tò rẹ̀. Síbẹ̀ kókó lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà, ràdíò nìkan sì sábà máa ń tó o. Bí irú àwòrán yẹn bá jẹ́ ti egungun itan, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ní òdì kejì, kókó egungun rírọ̀ tó bá wà ní ìbàdí, ní pátákó èjìká, ní egungun ìhà tàbí ní ọ̀pá ẹ̀yìn àgbàlagbà, jẹjẹrẹ ni ká kọ́kọ́ fura sí, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ fara balẹ̀ tó. Ọjọ́ orí náà ń sọ̀rọ̀: lẹ́yìn 40 ọdún ni kọndrosakómà sábà máa ń yọjú.

Ó wá ku ìrora. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó ní kọndrosakómà nínú egungun gígùn ni kókó náà ń ro. Ṣùgbọ́n ìrora nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ àgbà ni orúnkún ń dùn nítorí pé oríkèé ti gbó, tí wọ́n á wá ya IRM, tí àwòrán á sì bá ẹnkọndrómà pàdé níbi tó jókòó sí láti ọdún pípẹ́ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nínú IRM orúnkún 100, irú èyí máa ń tó bíi 3. Nítorí náà, ẹ sọ fún dókítà bí ìrora náà ṣe rí gan-an: ṣé tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn ni, àbí òru ni, tí ara ti sinmi, tó sì ń dùn jinlẹ̀ nínú egungun láìdáwọ́ dúró? Ti òru yẹn ló ń ba àwa tí à ń ya àwòrán lẹ́rù.

Ràdíò: kò wọ́n, kò sì yẹ ká fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀

Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ fo ràdíò kọjá torí pé owó rẹ̀ kéré. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí IRM tí dókítà àwòrán kò lè kà dé ìparí nítorí pé aláìsàn kò mú ràdíò kankan wá.

Ẹ jẹ́ ká gbé fíìmù kan kọ́ iná. Òkè egungun apá ni, nítòsí èjìká. Nínú mùdùnmúdùn, tótòtó funfun wà níbẹ̀ bíi gúgúrú tí wọ́n dà sílẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn: òrùka kéékèèké ni, àti ààbọ̀ òrùka, tí wọ́n so kọ́ra. Kálísíọ̀mù tó yí àwọn ẹ̀là egungun rírọ̀ ká ló ń funfun bẹ́ẹ̀. Àmì yìí ń sọ fún wa pé ti egungun rírọ̀ ni kókó náà. Kò tíì sọ bóyá ó dára tàbí ó burú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ojú ẹni tó mọṣẹ́ máa kúrò lára àwọn òrùka, tó máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí kókó ti kan èèpo egungun láti inú. Ṣé ó ti ń jẹ èèpo náà? Ó jìn tó báwo? Bó bá kàn họ ọ́ díẹ̀, ẹnkọndrómà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta nínípọn èèpo lọ, tó sì ń jẹ ẹ́ lọ ní gígùn kókó náà, ìfura ti pọ̀. Bí èèpo bá ti lu, tí egungun tuntun ń hù sí ẹ̀yìn rẹ̀ níta, tàbí tí ẹran wú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ní 1998, Murphey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹnkọndrómà 92 wé kọndrosakómà 95. Àwọn àmì wọ̀nyí, pẹ̀lú ìrora, wà lára àwọn tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ jù lọ. Àwọn tó ń ka àwòrán ṣì ń lò wọ́n dòní. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìka ọwọ́: òfin èèpo yìí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ béèrè pé kí wọ́n ya á ní ojú méjì, iwájú àti ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo gígùn egungun náà sì wọ inú rẹ̀. Ràdíò ojú kan jẹ́ ìfowóṣòfò.

Níbo ni ràdíò ti ń kùnà? Ìbàdí ni. Afẹ́fẹ́ àti ìgbẹ́ inú ìfun á bo egungun mọ́lẹ̀, kókó ńlá á sì sá pamọ́ sẹ́yìn wọn. Ọ̀pá ẹ̀yìn àti egungun ìhà náà kò rọrùn. Ní àwọn ibi wọ̀nyí, bí ràdíò bá ní kò sí nǹkan, tí ìrora ò sì lọ, ẹ má gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Sikánẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ IRM

Ibí ni owó ti ń tóbi. Kí n sọ ọ́ ní ṣókí: sikánẹ̀ mọ èèpo, IRM mọ ẹran.

| Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ | Sikánẹ̀ | IRM |
|---|---|---|
| Ṣé èèpo egungun ti lu, báwo ló ṣe jìn? | Òun ló mọ̀ ọ́n jù | Ó ń rí i, kò tó ti sikánẹ̀ |
| Àwọn òrùka kálísíọ̀mù | Ó ń hàn kedere | Dúdú lásán, ó rọrùn láti fò kọjá |
| Ibi tí kókó dé nínú mùdùnmúdùn | Díẹ̀díẹ̀ | Òun ni ọ̀gá níbí |
| Ẹran, iṣan, ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká | Díẹ̀ | Dáadáa |
| Ìtànṣán | Ó ju ti ràdíò lọ | Kò sí rárá |
| Àkókò lórí ẹ̀rọ | Ìṣẹ́jú díẹ̀ | Ó sábà ń tó 20 sí 40 ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ariwo |

Egungun rírọ̀ kún fún omi. Nínú irú àwòrán IRM tí wọ́n ń pè ní T2, omi á tàn yòò, kókó á sì hàn bí ẹ̀là ẹ̀là tó ń dán. Nínú T1, ọ̀rá mùdùnmúdùn ló ń funfun. Bí ẹ bá rí ọ̀rá tó há sáàárín àwọn ẹ̀là kókó náà, ìròyìn ayọ̀ ni: ẹnkọndrómà ló sábà máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ sì máa ń lé e kúrò. Bí ẹran tó yí egungun ká bá tún ń tàn tó sì wú, ìfura á pọ̀ sí i.

Dókítà lè kọ abẹ́rẹ́ gadoliniọ̀mù, oògùn tó ń mú kí àwòrán hàn sí i, mọ́ IRM. Kókó egungun rírọ̀ máa ń gba oògùn yìí ní etí àti ní àlà àárín àwọn ẹ̀là, yálà ó dára tàbí kò dára, nítorí náà gbígbà nìkan kò fi jẹjẹrẹ hàn. Bí oògùn náà ṣe tètè dé ibẹ̀ ni àwọn kan ń wò, torí kọndrosakómà máa ń tètè gbà á ní kété tó bá ti dé inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ń ranni lọ́wọ́, kò sì dájú tán. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó gún un.

IRM tún ní òfin irin. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sínú àyà rẹ̀ láti máa mú ọkàn lù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Ọdẹ tí ọta ìbọn ṣì kù sí lára, kí ó sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n sin abẹ́rẹ́ tàbí irin mìíràn sábẹ́ awọ rẹ̀ fún ìdáàbòbò, kí òun náà sọ ọ́, ìtìjú ò sí níbẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ náà ò mọ ẹni tó ń tijú. Ní ti sikánẹ̀ àti ràdíò, aboyún ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ pé owó kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ràdíò ńkọ́? Èrò tèmi nìyí, ẹ bá dókítà yín jíròrò rẹ̀. Bó bá jẹ́ egungun gígùn, tí ràdíò sì ti fi èèpo hàn dáadáa, IRM ni. Bó bá jẹ́ pé ohun tí a kò mọ̀ ni bóyá èèpo ti lu, sikánẹ̀ yóò dáhùn, ó sì máa ń dín owó kù. Ní ìbàdí, ẹ má ṣe ahun sí IRM: oníṣẹ́ abẹ kò lè mọ ibi tí òun máa gé dé láìsí i.

Ọ̀dọ́ tó wà láàárín 10 sí 25 ọdún, tí kókó rẹ̀ wà ní orí egungun gan-an, lẹ́bàá oríkèé, lè ní kọndroblastómà. IRM rẹ̀ máa ń kún fún omi wíwú káàkiri, ẹni tí kò mọ̀ á sì pariwo jẹjẹrẹ. Kókó lásán ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà ń hó o kúrò.

Ìyọ egungun: níbí, ekográfì náà ní ipò

Ọstiokọndrómà rọrùn láti dá mọ̀ lórí ràdíò: èèpo ìyọ náà àti mùdùnmúdùn rẹ̀ bá ti egungun tó gbé e mu, láìsí àlà. Ìbéèrè tó kù ni bí fìlà egungun rírọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ṣe nípọn tó. Fún ẹni tó ti dàgbà tán, ìwádìí kan tó jáde ní 2010 fi 2 sẹ̀ntímítà ṣe ààlà: bí fìlà bá nípọn tó bẹ́ẹ̀ tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìfura kọndrosakómà ti wọlé. Àwọn dókítà kan kì í dúró dé 2, wọ́n á ti béèrè àyẹ̀wò sí i láti 1.5. Ọmọdé tó ṣì ń dàgbà kò sí nínú òfin yìí, fìlà tirẹ̀ lè nípọn jù bẹ́ẹ̀ láìsí nǹkan kan.

IRM ló ń wọn fìlà náà dáadáa jù. Àmọ́ bí ìyọ náà bá wà ní ibi tí ọwọ́ lè tẹ̀, bíi lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún tàbí lápá, ekográfì, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú ara, lè wọ̀n ọ́n ní owó tó kéré púpọ̀, ó sì ń fi àpò omi tó ń wú lórí ìyọ hàn. Àpò yẹn ló ń fa ìrora nígbà míì, tí ẹni tó ni ín á rò pé jẹjẹrẹ ti dé. Ohun tí ekográfì kò lè ṣe ni kó wo inú egungun. Ẹni tí ẹnkọndrómà bá wà nínú itan rẹ̀, tí wọ́n ní kó lọ ṣe ekográfì fún un, kó béèrè ìdí.

Ìyọ tó bá ń dàgbà lẹ́yìn tí ara ti dẹ́kun gíga, tàbí tó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ro láìsí pé nǹkan gbá a, ẹ tètè gbé e lọ. Àwọn ìdílé kan wà tí ìyọ ti ń hù ní oríṣiríṣi egungun, láti ọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdajì àǹfààní láti jogún rẹ̀. Ewu pé ọ̀kan nínú rẹ̀ á di jẹjẹrẹ kò pọ̀, ó sábà wà láàárín 1 sí 5 nínú 100, ṣùgbọ́n ó ju ti ẹni tó ní ẹyọ kan lọ. Àwọn tí ẹnkọndrómà pọ̀ lára wọn, tí wọ́n ń pè ní àìsàn Ollier, ewu tiwọn tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irú àwọn yìí kò gbọ́dọ̀ fi dókítà kan náà sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó padà.

Sẹntígráfì àti gígé ẹran fún àyẹ̀wò

Sẹntígráfì ni wọ́n ń fi oògùn onítànṣán wo gbogbo egungun. Bí kókó bá gba oògùn ju orí egungun ìbàdí iwájú lọ, ìfura wà. Bí kò bá tó o, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ èsì kókó lásán àti ti jẹjẹrẹ máa ń wọnú ara wọn, nítorí náà n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Gígé ègé kékeré nínú kókó, tí wọ́n ń pè ní biopsí, ni ọ̀pọ̀ rò pé ó ń parí ẹjọ́. Nínú kókó egungun rírọ̀, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Kókó kan náà lè dára ní apá ọ̀tún kó burú ní apá òsì. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí ibi tó dára, èsì á tan yín. IRM gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tí abẹ́rẹ́ bá dà sílẹ̀ á da àwòrán rú, àti pé IRM ló ń fi ibi tó burú jù hàn kí abẹ́rẹ́ lè lọ síbẹ̀. Ó tún yẹ kó jẹ́ pé dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ tàbí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ló máa yan ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́, torí ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n máa gé kúrò pẹ̀lú kókó. Kọndrosakómà tó wọ́pọ̀ kì í gbọ́ oògùn jẹjẹrẹ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìtànṣán. Iṣẹ́ abẹ ni ìrètí rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n bá gbà wọlé ṣe pàtàkì.

Àwọn tó ń to egungun nílùú wa mọṣẹ́ wọn lórí egungun tó ṣẹ́, n kò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n kókó tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi òrí wọ́, tí à ń sín gbẹ́rẹ́ sí. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ìgbà ti lọ. Bí kò bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, wíwú àti ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀lé e á mú kí IRM dà bí ẹni pé ó jẹ́.

Ìdúró wò, àti fíìmù àtijọ́

Nígbà tí gbogbo àwòrán bá ní ẹnkọndrómà ló jọ, tí kò sì ro, dókítà lè ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kó tún di ọdọọdún. Kì í ṣe pé ó fi yín ṣeré. Àkókò fúnra rẹ̀ jẹ́ àyẹ̀wò: kókó lásán nínú àgbàlagbà kì í yí padà púpọ̀. Kókó tó ní òrùka funfun ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ibi kan nínú rẹ̀ wá dúdú báyìí, tí òrùka ibẹ̀ sì ti pòórá, àmì burúkú ni, ẹni tí kò bá sì ní fíìmù àkọ́kọ́ kò lè rí i láéláé.

Ibí yìí ni mo ti ń bá àwọn ará wa jà. Láti Ṣábẹ̀ dé Kútọnú, ẹ máa gba Dasà àti Bohikọ̀n, ó lé ní 200 kìlómítà. Láti Kétu, ẹ máa gba Pobè àti Sakété kí ẹ tó dé Àjàṣẹ́. Ẹni tó rin ọ̀nà yẹn láìmú fíìmù àtijọ́ dání yóò san owó ràdíò lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní rí ohun tí fíìmù àtijọ́ ì bá sọ. Ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó gbéra, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n kọ sínú ìwé yín ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn àti bóyá dókítà tó ń ka àwòrán wà. Lẹ́yìn IRM tàbí sikánẹ̀, ẹ gba CD, kì í ṣe bébà èsì nìkan. Àwòrán tó wà nínú CD ni dókítà mìíràn máa nílò. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti apá tí wọ́n yà, ọ̀tún tàbí òsì, sára àpò rẹ̀. Ẹ má ká fíìmù, ẹ má sì kì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó lọ́rinrin.